Ọgbà Àwọn Tí Wọ́n Sùn Nínú Olúwa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ìjọ ní Adido, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ní ìgbà ìpalẹ̀mọ́ Júbílì



Ọdún Júbílì jẹ́ ọdún ayọ̀. A ti ń rán aṣọ, a ti ń kun ilé Ọlọ́run, àwọn akọrin ti ń múra orin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka àwọn tí wọ́n ru omi àti iyanrìn nígbà tí a ń kọ́ ilé àdúrà, bí a bá ka àwọn bàbá tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, àti àwọn ìyá tí wọ́n fi oúnjẹ bọ́ àwọn tí ó wá kọ́ wa, a ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò sí lókè eèpẹ̀ mọ́. Júbílì tí a bá ṣe láìrántí wọn, àbọ̀ àjọ̀dún ni. Ìdí nìyí tí a fi yàn láti bá yín sọ̀rọ̀ lórí oṣù kọkànlá ọdún, tí í ṣe oṣù àwọn òkú wa, àti lórí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó yẹ kí ó bá a rìn, èyí ni ìtọ́jú ọgbà tí wọ́n sùn sí.

Ibi tí àjọ̀dún náà ti wá

Àdúrà fún àwọn òkú kì í ṣe ohun tuntun. Nínú Ìwé Kejì àwọn Mákábéù, orí 12, a kà pé Júdásì Mákábéù gba owó fàdákà jọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù kí a lè rú ẹbọ fún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó ṣubú lójú ogun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó gba àjíǹde òkú gbọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 998, Odilo Mímọ́, olórí àwọn mọ́ńkì ní Cluny ní ilẹ̀ Faransé, pàṣẹ pé kí gbogbo ilé tí ó wà lábẹ́ òun máa gbàdúrà fún gbogbo onígbàgbọ́ tí ó ti kú, ní ọjọ́ kejì àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́. Láti ibẹ̀ ni ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ti tàn káàkiri Ìjọ. Ní ọdún 1915, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń pa àwọn ọ̀dọ́ bí ìgbà tí a ń gé koríko, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún fún gbogbo àlùfáà láyè láti rú ẹbọ Mísà mẹ́ta ní ọjọ́ náà. A mọ̀ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Dahomey wà nínú àwọn tí ogun náà kó lọ. Títí di òní, Ìjọ ń fún onígbàgbọ́ tí ó bá lọ gbàdúrà ní itẹ́ òkú, láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, ní oore-ọ̀fẹ́ ìdásílẹ̀ kúrò nínú ìyà tí ẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, bí ó bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tí ó gba Ara Olúwa, tí ó sì gbàdúrà fún èrò ọkàn Póòpù. Àwọn òkú nìkan ni a sì lè fi oore-ọ̀fẹ́ náà ta lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Ní ilẹ̀ Faransé tí àjọ̀dún yìí ti wá, oṣù kọkànlá jẹ́ ìgbà tí ewé ń wọ́, tí ọjọ́ ń kúrú, tí òtútù ń wọlé bọ̀. Òdòdó tí wọ́n ń gbé lọ sórí ibojì ni èyí tí wọ́n ń pè ní chrysanthème, nítorí pé ìgbà tí ọjọ́ bá ń kúrú gan-an ni ó ń tanná. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ itẹ́ òkú lọ́hùn-ún ní àkókò náà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ ikú. Ewé ń já bọ́, ìwọ náà yóò já bọ́.

Oṣù kọkànlá ní ilẹ̀ tiwa

Nígbà tí àwọn ajíhìnrere mú àjọ̀dún náà wá fún wa, déètì ni ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà kò bá wọn wá. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró ni. Owú bẹ̀rẹ̀ sí í là lóko. Koríko ga ju ènìyàn lọ, ewé ṣì tutù lórí òkè wa, kò sì sí igi kan tí ó dàbí ẹni tí ó fẹ́ kú. Ìgbà ìwọ́wé tiwa ṣì wà níwájú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí eruku ń bo ojú oòrùn, ìgbà náà ni àràbà àti oṣè yóò tú ewé wọn sílẹ̀, tí àwọn náà yóò dúró ní ìhòòhò.

Nítorí náà ọjọ́ àwọn òkú bọ́ sí ojú ààlà lọ́dọ̀ wa, láàárín omi àti ọ̀gbẹlẹ̀. Gbogbo wa sì mọ bí a ti ń ṣe é. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú àjọ̀dún, a ó gbé àdá àti ọkọ́, a ó ro ibojì àwọn ènìyàn wa, a ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, a ó tan àbẹ́là, a ó sì gbé òdòdó sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, òdòdó náà ti gbẹ. Kí ọdún tuntun tó pé oṣù kan, iná ìgbẹ́ lè ti gba ibẹ̀ kọjá, kí ó sì jó àgbélébùú onígi pẹ̀lú koríko. A kò tún ní padà débẹ̀ àfi bí ẹlòmíràn bá kú. Itẹ́ òkú tí a bá ń ro ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, igbó ni ó jẹ́ fún oṣù mọ́kànlá.

Àwọn mìíràn a máa gbin igi sórí ibojì ní ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú omijé lójú. Gbogbo àgbẹ̀ tí ó wà níhìn-ín mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá gbin nǹkan ní oṣù kọkànlá, tí kò sì ní omi tí yóò máa bù sí i, oòrùn ni ó gbìn ín fún. Bí a bá fẹ́ kí òdòdó wà lórí ibojì ìyá wa ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, ìgbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí a ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀, èyí ni oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà. Ìgbà wo sì ni èyí jẹ́ nínú kàlẹ́ńdà Ìjọ? Ìgbà Àjíǹde ni! Àádọ́ta ọjọ́ tí ó wà láti Ọjọ́ Àjíǹde dé Pẹ́ńtíkọ́sì bọ́ sí àsìkò tí ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ń gba irúgbìn.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí a sọ, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: lọ́dọ̀ tiwa, òdòdó ọjọ́ àwọn òkú, ní ìgbà Àjíǹde ni a ń gbìn ín. Àwọn ará Yúróòpù ní ewé tí ń já bọ́ láti rán wọn létí ikú. Ọlọ́run fún àwa ní ilẹ̀ tí ó fi ipá mú wa láti bẹ̀rẹ̀ láti inú ìrètí.

Ọgbà nínú Ìwé Mímọ́

Ìwé Mímọ́ kò ya ibojì àti ọgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Nígbà tí Sárà kú, Ábúráhámù, tí kò ní ilẹ̀ kankan ní Kénáánì, ra oko Mákípẹ́là ní 400 ṣékélì fàdákà láti sin aya rẹ̀ sí. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí 23, kò sì gbàgbé láti sọ fún wa pé bí ó ti ra ihò àpáta, bẹ́ẹ̀ ni ó ra gbogbo igi tí ó wà nínú oko náà àti ní ààlà rẹ̀. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá ìgbàgbọ́ wa ní ní ilẹ̀ ìlérí jẹ́ itẹ́ òkú tí igi yí ká.

Jòhánù Mímọ́ náà sọ fún wa pé ọgbà kan wà ní ibi tí a ti kan Olúwa wa mọ́ àgbélébùú, inú ọgbà yẹn ni ibojì tuntun tí a tẹ́ ẹ sí wà. Ní òwúrọ̀ Àjíǹde, Màríà Magidalénà rí i, ó sì rò pé olùtọ́jú ọgbà ni. Gregory Mímọ́, Póòpù ńlá nì, wàásù lórí èyí pé obìnrin náà lè má ṣìnà tó bí a ti rò, nítorí pé olùtọ́jú ọgbà ni Jésù jẹ́ fún ọkàn rẹ̀ ní tòótọ́. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sì fi ara òkú wé irúgbìn tí a sin sínú ilẹ̀ kí ó lè hù ní ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà ẹni tí ó bá di ọkọ́ mú ní itẹ́ òkú, ó ń fi ọwọ́ sọ ohun tí ẹnu wa ń sọ nínú Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì.

Ǹjẹ́ ó ṣe òkú ní àǹfààní?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni ọgbà lè ṣe fún òkú. Ìbéèrè gidi ni, Ìjọ kò sì sá fún un. Ní ọdún 387, nígbà tí Mónìkà Mímọ́ ń kú lọ ní Ostia, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu nítorí ibi tí wọn yóò sin òun sí. Ohun kan ṣoṣo tí òun ń bèèrè ni pé kí wọ́n máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa. Ní nǹkan bí ọdún 421, ọmọ rẹ̀, Ọ̀gọ́sítínì Mímọ́, kọ odindi ìwé kékeré kan sí Bíṣọ́ọ̀bù Paulinus ti Nola lórí ìtọ́jú àwọn òkú. Ó sọ níbẹ̀ pé ìsìnkú tí ó lọ́lá jẹ́ ìtùnú fún àwọn alààyè ju bí ó ti jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún òkú lọ; ẹbọ pẹpẹ, àdúrà àti àánú ṣíṣe ni ohun tí ó ń ran òkú lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa ti mọ díẹ̀ nínú ọgbọ́n yìí nígbà tí wọ́n sọ pé òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gọ́sítínì kan náà kò sọ pé kí a ju ara òkú nù. Ó ní bí aṣọ tàbí òrùka bàbá bá ṣọ̀wọ́n fún ọmọ, mélòómélòó ni ara tí bàbá náà fi gbé ayé. Ibojì tí a tọ́jú ń pe orúkọ òkú sí wa lọ́kàn. Bí orúkọ náà bá sì ti dé ọkàn, àdúrà yóò tẹ̀lé e. Ọgbà kì í gba òkú là. Ọgbà ni ó ń mú alààyè dúró pẹ́ tó láti gbàdúrà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nítorí a di Kátólíìkì, a gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn baba wa. Ní ọdún 1995, nínú ìwé tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní Yaoundé lẹ́yìn Sínọ́ọ̀dù Áfíríkà, ó sọ pé ìfẹ́ tí ọmọ Áfíríkà ní sí ìyè ni ó mú kí ó máa bọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá rẹ̀. Ọdún 1995 yìí kan náà ni a dá díọ́sísì Ìdáàsà tiwa sílẹ̀. Ohun tí ìgbàgbọ́ yí padà ni èyí: a kì í bẹ̀rù òkú wa, a kì í sì í bọ wọ́n. A ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nítorí wọn, nítorí pé nínú ìdàpọ̀ àwọn ẹni mímọ́, ìdílé kan náà ni àwa àti àwọn.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ Benin tí gbogbo wa mọ̀. Kádínà Bernardin Gantin kú ní Paris ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2008. A gbé e padà wá sílé, a sì sin ín sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà Saint-Gall ní Ouidah. Ní ọdún 2011, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún wá sí ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, nínú oṣù àwọn òkú gan-an, ó lọ sí Ouidah, ó sì gbàdúrà níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí Póòpù bá lè ti Róòmù wá dúró ti ibojì ọmọ ilẹ̀ wa, kí ni a ó wí, àwa tí ibojì àwọn òbí wa kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa?

Ìnáwó ọjọ́ kan àti iṣẹ́ ọdún gbogbo

Àwọn baba wa sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lóde òní, a ti sọ ìsìnkú di ìnáwó ọjọ́ kan. A ó jẹ gbèsè, a ó pa màlúù, a ó háyà àga àti agọ́, a ó lẹ táìlì mọ́ ibojì. Nígbà tí ó bá di ọdún kẹta, táìlì ti ṣí, ewé ti bo orúkọ, ọmọ ọmọ kò sì mọ èwo ni ti bàbá àgbà. Àwọn ọmọ tí ó wà ní Kọ́tọnu, ní Èkó tàbí ní Libreville ń fi owó ránṣẹ́, Ọlọ́run yóò bù kún wọn, ṣùgbọ́n owó kì í ro oko. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ọkọ́ mú.

A mọ opó kan nínú ìjọ yìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò ní owó sìmẹ́ńtì. Ó gbin pèrègún kan sí ìhà orí ibojì, ó gbin ọ̀kan sí ìhà ẹsẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀rùn àkọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ó ń gbé igbá omi kan lọ síbẹ̀, a sì ka Rosárì bí ó ti ń rọra bù ú. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ báyìí. Ikán ti jẹ gbogbo àgbélébùú onígi tí a rì mọ́lẹ̀ ní ọdún yẹn. Àwọn ìdílé kan ń jiyàn lórí ibi tí ènìyàn wọn wà. Kò sí ẹni tí ó ń jiyàn lórí ti ọkọ opó náà. Pèrègún méjì ń jẹ́rìí sí i.

Bí a ó ti ṣe iṣẹ́ náà

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí àgbẹ̀ ti ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ gbin pèrègún sí ààlà; ẹ̀ka rẹ̀ tí a gé máa ń ta gbòǹgbò láìṣòro. Ẹ gbin croton eléwé aláràbarà àti hibiscus sí àárín. Bougainvillier dára lẹ́bàá ògiri, nítorí pé nígbà ẹ̀rùn gan-an ni ó ń tanná jù. Ní ti frangipanier, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹ fi sí ibòòji fún ọjọ́ mélòó kan kí oje funfun rẹ̀ lè gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín. Bí a bá gbìn ín ní tútù, ó lè jẹrà. Ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwà igi yìí. Nígbà ọyẹ́, ó ń tú gbogbo ewé rẹ̀ dànù, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò sọ pé ó ti kú, yóò sì fẹ́ gé e. Ẹ má ṣe gé e. Nígbà tí òjò bá padà dé, yóò rúwé.

Ẹ má ṣe gbin máńgòrò, tíìkì tàbí dóńgóyárò sí àárín ibojì, nítorí pé gbòǹgbò wọn yóò gbé sìmẹ́ńtì sókè. Ààyè wọn ni ìta, níbi tí wọn yóò ti fún àwọn tí ó wá sìnkú ní ibòòji. Ní ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, ẹ gbin koríko ọba tí a fi ń se tíì, yóò di eèpẹ̀ mú kí àgbàrá má bàa wọ́ ọ lọ.

Ní oṣù kẹwàá, ẹ ro ilẹ̀. Kí ìgbà iná tó dé, kí àwọn ọ̀dọ́ ro ojú ilẹ̀ fífẹ̀ yí itẹ́ òkú ká, kí iná má bàa rí ohun tí yóò jẹ wọlé. Ní ìgbà ẹ̀rùn, ẹ rì ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá àwọn igi tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì dé e. Omi yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Ẹ má ṣe fi agolo tàbí ife olómi sílẹ̀ lórí ibojì fún òdòdó, nítorí ẹ̀fọn ni yóò máa bí síbẹ̀. Iyanrìn tútù ni kí ẹ fi di òdòdó mú. Ẹ sì kó ọ̀rá nílọ́ọ̀nù padà sílé.

Kí ẹ sì fi igun kan sílẹ̀ fún àwọn ewéko tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbìn. Póòpù Francis, nínú ìwé Laudato Si' tí ó kọ ní ọdún 2015, rán wa létí pé Francis Mímọ́ ti Assisi máa ń ní kí a fi apá kan sílẹ̀ láìro nínú ọgbà àwọn arákùnrin, kí òdòdó ìgbẹ́ lè hù níbẹ̀. Igun náà lè dúró fún àwọn tí a kò mọ ibojì wọn: àwọn tí ó kú lójú ọ̀nà, nínú odò, tàbí ní ìlú òkèèrè.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọ

Nínú Ìwé Léfítíkù, orí 25, ọdún Júbílì ni ọdún tí olúkúlùkù ń padà sí ilẹ̀ ìní rẹ̀ àti sí ọ̀dọ̀ ìdílé rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún nítorí èyí.

Èkíní, ẹ mú orúkọ àwọn òkú yín wá. Òfin Ìjọ, ní ẹsẹ 1182, pàṣẹ pé lẹ́yìn ìsìnkú kí a kọ orúkọ òkú sínú ìwé àwọn òkú. Ẹ wá wò ó bóyá orúkọ àwọn ènìyàn yín wà níbẹ̀, kí a sì tò wọ́n lẹ́ṣẹẹsẹ fún Mísà oṣù kọkànlá.

Èkejì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú igi kan wá ní ìgbà Àjíǹde tí ń bọ̀, kí ọmọdé kan nínú ìdílé náà sì jẹ́ ẹni tí yóò gbìn ín. Ẹni tí ó bá gbin igi ní ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò ṣì mọ ibẹ̀ nígbà tí ó bá di ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gbàgbé àwọn tí kò ní ọmọ tí yóò ro ibojì wọn. Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ SMA, kú ní Freetown, kò tíì pé oṣù méjì tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Fadá Borghero àti Fadá Fernandez fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, ẹni kẹta wọn, Fadá Louis Edde, ti kú lójú ọ̀nà ní Freetown kan náà. Wọn kò bí ọmọ nípa ti ara. Àwa ni ọmọ wọn. Àwọn olùkọ́ni ní ìgbàgbọ́ tí wọ́n rìn láti abúlé dé abúlé ní ilẹ̀ yìí, tí ìdílé wọn ti tú ká, àwa náà ni ọmọ wọn.

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ yóò di orúkọ nínú ìwé náà. Ohun tí a bá kọ́ àwọn ọmọ wa láti ṣe fún àwọn tí ó ti lọ ni wọn yóò ṣe fún wa. Kí Ọlọ́run, tí ó gbin ọgbà àkọ́kọ́, tí ó sì jí Ọmọ rẹ̀ dìde nínú ọgbà, fún àwọn òkú wa ní ìsinmi, kí ó sì fún ọwọ́ wa ní agbára láti di ọkọ́ mú nígbà tí òjò bá dé. Àmín.